Ta Ló Rọ Ọ́?

"Ta ló rọ ọ́?"

Bàbá arúgbó kan ló bi ọmọ ọmọ rẹ̀ léèrè bẹ́ẹ̀ nílùú Ìfọ́n, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi ọwọ́ méjèèjì di páàdì géèmù mú. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin dúdú kan tó sígbọnlẹ̀ yọ àdá, ó ń bá àwọn òyìnbó oníbọn jà létí òkun. Bàbá ti ń tògbé lórí àga. Orúkọ tí ọmọ náà fi ń pe ọkùnrin yẹn ló jí i: Adéwálé.

"Adéwálé wo?"

"Adéwálé inú géèmù ni, Bàbá àgbà. Àdá ló fi ń jà."

Bàbá fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò wo ìjà. Àdá ló tẹjú mọ́, bí alápatà ṣe ń wo màlúù lọ́jà. Ìgbà náà ló béèrè ẹni tó rọ ọ́. Ọmọ náà kò rò pé ìbéèrè tó le ni, nítorí kò sí ohun tí géèmù kì í ṣàlàyé. Ó dá ìjà dúró, ó ṣí ibi tí wọ́n to ohun ìjà sí, ó sì ń ka ohun tó bá níbẹ̀ fún bàbá: bí àdá náà ṣe yára tó, bí ọṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó, bí èèyàn ṣe lè fi ṣá ọ̀tá léraléra tó. Ó wá òkè, ó wá ìsàlẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò sí níbẹ̀.

Òǹkọ̀wé yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ àti iṣu lọ́wọ́. Bàbá yẹn ni bàbá tó bí i. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ló fi tọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọkọ̀ padà sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kejì, tí awakọ̀ ń sáré kọjá Ẹlẹ́gbẹ́ka kí oòrùn tó wọ̀, ìbéèrè náà wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni àwọn agbébọn ti pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n lóṣù kọkànlá ọdún 2020. Kò sí èrò inú ọkọ̀ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Freedom Cry ni géèmù náà ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ Ubisoft gbé e jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2013 gẹ́gẹ́ bí àfikún sí Assassin's Creed IV: Black Flag. Ọdún 1735 ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tó di Haiti lónìí. Oko ẹrú ní Trinidad ni wọ́n bí Adéwálé sí. Ó sá kúrò, ó di atukọ̀ láàárín àwọn olè ojú òkun, ó sì di jagunjagun, kí ọkọ̀ rẹ̀ tó fọ́, kí omi tó gbé e gúnlẹ̀ lẹ́bàá Port-au-Prince. Ohun ìjà méjì ló gbajúmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: àdá, àti ìbọn ẹlẹ́nu gbàgà tó ń tu ọta jáde bí ẹni da èkùrọ́ sílẹ̀.

Ẹni yòówù tó yan orúkọ náà fún un, ó yan orúkọ tó wúwo. Ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ àjèjì, tí kò ní ilé, tí ẹnikẹ́ni kò dé ládé, ni wọ́n ń pè ní adé tó wálé. Àdá tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ náà kò ṣèèṣì débẹ̀. Àwọn olóko ìrèké ní Saint-Domingue ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kó àdá fún ẹrú lójoojúmọ́ kó lè gé ìrèké. Nígbà tí àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde lọ́dún 1791, irin oko yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi jà. Títí dòní, àwọn ẹlẹ́sìn Vodou ní Haiti ń bọ Ogou, àdá sì ni àmì rẹ̀. Èèyàn kì í ti Ìfọ́n wá kó máà mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Òǹkọ̀wé yìí ti gbọ́ òwe náà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Saint-Domingue ló jẹ́ kó yí i wò láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Níbẹ̀, ọwọ́ ẹrú ti wà lára èèkù láti àárọ̀. Olówó rẹ̀ ló ní kó dì í mú. Kí ló wá kù kó tó béèrè?

Ohun kan wà nínú géèmù yẹn tó ń dun òǹkọ̀wé yìí. Bí Adéwálé ṣe ń tú ẹrú sílẹ̀ ni géèmù ń kà wọ́n, tí wọ́n bá sì ti pé iye kan, ohun èlò tó dára ju ti àtẹ̀yìnwá á ṣí sílẹ̀ fún un. Èèyàn tí wọ́n tú sílẹ̀ di owó tí wọ́n fi ń gba àdá tuntun. Ó rántí ìwé ìṣírò àwọn ọkọ̀ ẹrú, níbi tí orúkọ èèyàn kì í ti í sí, tó jẹ́ pé ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọdé mélòó ni. Ó sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Àǹtí, tí wọn ò bá kà á, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé mo ti tú ọ̀pọ̀ sílẹ̀?" Ìbéèrè tó dára ni. Òǹkọ̀wé yìí kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ní àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀, láti ara sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni àdá ti ń wá. Bàbá á gé e, á tì í bọ inú èédú, ẹni tó wà nídìí ẹwìrì á sì máa fẹ́ iná títí irin á fi pọ́n bí ẹyìn. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ títí di mẹ́tàlá, òǹkọ̀wé yìí ló wà nídìí ẹwìrì yẹn. Bàbá á fi ẹ̀mú mú irin jáde, òòlù á bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kan lílu ojú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èyí tó gba sùúrù jù ni omi. Kì í ri gbogbo àdá bọ omi. Ojú rẹ̀ nìkan ló máa ń fi kan omi, á sì dẹ etí sí i. Tí ariwo rẹ̀ bá pẹ́ jù, á ní ó ti le jù, pé lọ́jọ́ tó bá kan gbòǹgbò ló máa ṣẹ́. Á dá a padà sínú iná.

Lẹ́yìn náà ni á bi oníbàárà léèrè ọwọ́ tó ń lò. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń pọ́n lójú àdá, ẹ̀gbẹ́ tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún nílò yàtọ̀ sí ti ọlọ́wọ́ òsì. Tí ọlọ́wọ́ òsì bá lo àdá ọlọ́wọ́ ọ̀tún, á máa yọ̀ lára igi, á sì máa wá ẹsẹ̀ ẹni tó mú un. Nígbà tó bá parí, á fi irin ṣóńṣó fá ojú mẹ́ta kéékèèké sí ìdí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Bó bá rí àdá ọlọ́dún mẹ́wàá lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lọ́jà Ìfọ́n, tí ojú rẹ̀ ti jẹ tán, tó kù bí ọ̀bẹ, á mọ̀ ọ́n, á tún máa rántí ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ ti wá.

Àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú ní bí wọ́n ṣe ń júwe àdá. Ẹnì kan á wọlé, á ní: "Bàbá, irú èyí tẹ́ ẹ rọ fún mi lọ́dún tí mo dá oko kòkó kejì ni mo fẹ́." Kò sọ gígùn, kò sọ ìwọ̀n. Bàbá á sì rọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Òǹkọ̀wé yìí kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ó ní kó fi àwọn géèmù mìíràn han òun. Wọ́n wo Assassin's Creed Origins, tó jáde lọ́dún 2017, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Íjíbítì nígbà ayé Cleopatra. Idà kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé. Khopesh lorúkọ rẹ̀. Idà gidi ni, àwọn ará Íjíbítì lò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀ fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún kí wọ́n tó bí Cleopatra. Wọ́n tún wo Ghost of Tsushima ti ọdún 2020, níbi tí àwọn ará Mongol ti gbógun ti erékùṣù kan ní Japan lọ́dún 1274. Katana ni akọni rẹ̀ gbé. Tachi ni àwọn jagunjagun Japan ń lò nígbà náà, idà tí wọ́n máa ń so rọ̀ mọ́ ìbàdí tí ojú rẹ̀ á dorí kodò. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni katana gbòde.

Ó yà á lẹ́nu pé inú kò bí i. Ó hàn gbangba pé àwọn tó ṣe é ti wo ohun gidi dáadáa, wọ́n mọ bí okùn ṣe ń yí èèkù ká, wọ́n mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dúró lójú irin. Idà tí ayé mọ̀, tí ayé sì fẹ́ràn, ni wọ́n mú. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ya jagunjagun àtijọ́ pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ òní. Lọ́dún 2018, Ubisoft tún gbé apá kan jáde fún géèmù Íjíbítì yẹn, Discovery Tour, níbi tí ìjà kò ti sí rárá, tó jẹ́ pé kí èèyàn máa rìn ká, kí wọ́n máa ṣàlàyé ìlú náà fún un. Ọmọ náà ní kò ní dùn. Nígbà tí wọ́n débi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òkú ọba, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkọ̀wé yìí ní láti ní kó sún sẹ́yìn.

Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ní idà kan tí géèmù kankan kò ní mọ bí yóò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Udà ni ará Ọ̀wọ̀ ń pe idà. Èyí tí ọba àti àwọn ìjòyè ńlá máa ń fi sí ìbàdí òsì ni udamalore, eyín erin sì ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn kan nínú rẹ̀. Wọn kò gbẹ́ ẹ kó mú. Wọ́n dá ihò sí ara rẹ̀, wọ́n fi iṣẹ́ ọnà kún un títí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn agbẹ́yín-erin Ọ̀wọ̀ mọ iṣẹ́ débi pé títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí àwọn ohun kan tó wà ní musíọ́mù, bóyá Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ tàbí Bìní.

Bí ẹnì kan bá fi irú idà bẹ́ẹ̀ ṣá igi, idà ló máa fọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú géèmù, wọn á kọ òdo síwájú ọṣẹ́, wọn á kọ òdo síwájú ìyára, ọmọdé á sì jù ú nù kó lè rí àyè gbé ìbọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá so ó mọ́ ìbàdí, tó bá sọ pé kí ìjà dáwọ́ dúró, ìjà á dáwọ́ dúró. Nígbà ọdún Igogo lóṣù Kẹsàn-án, Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, á di irun bí obìnrin, á wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ìlù, agogo ni wọ́n máa ń lù, ọkùnrin kì í dé fìlà, ẹnikẹ́ni kì í sì í yìnbọn nígboro. Òǹkọ̀wé yìí dàgbà bá èèwọ̀ yìí, kò sì fìgbà kan rò ó wò. Ní báyìí, ó ń rò ó. Ìlú kan tó ní ọdẹ, tó ní jagunjagun, ya ọjọ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí ìbọn kò gbọdọ̀ dún.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ìwé kan tó ní fọ́tò udamalore, ohun tó kà lábẹ́ fọ́tò náà tì í lójú fún ara rẹ̀, nítorí ó ti bínú sí géèmù. Orúkọ ohun náà, eyín erin, Ọ̀wọ̀, gígùn rẹ̀, ọ̀rúndún tí wọ́n fojú bù. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni ti àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó Lájà nínú Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1971, tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún 15. A mọ orúkọ ẹni tó hú wọn. A kò mọ orúkọ ẹni tó mọ wọ́n. Lọ́dún 2025, ilé iṣẹ́ Nyamakop ní South Africa kéde géèmù kan tó ń jẹ́ Relooted, níbi tí àwọn akọni ti ń wọ musíọ́mù òkèèrè lọ kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Áfíríkà padà, ohun gidi tó wà ní musíọ́mù lóòótọ́. Inú òǹkọ̀wé yìí dùn sí i gidigidi. Síbẹ̀, bí gbogbo ẹrù náà bá délé lọ́la, ìbéèrè Bàbá ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbọn yàtọ̀. Etí ni àwọn baba wa fi ń júwe ìbọn. Ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ bá ara wọn jà láti ọdún 1877 títí di 1893, bí àwọn ìbọn tuntun tí wọ́n kó wá ṣe ń dún láàárín òkè ni wọ́n fi pè é: Kírìjì. Wọn kò fi orúkọ ọ̀gágun kankan pè é, wọn kò fi orúkọ ìlú kankan pè é.

Ìyá òǹkọ̀wé yìí kì í jẹ́ kí wọ́n yí ohùn géèmù sókè. Kò bínú sí ọmọ náà. Á kàn yọjú láti yàrá, á ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi yí i wálẹ̀," ọmọ náà á sì yí i wálẹ̀ títí àdá àti ìbọn á fi máa jà láìdún. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìyá yìí wà nílé àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis, tí wọ́n fi ìbọn àti àdó olóró pa nǹkan bí 40 èèyàn. Ó gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé àwọn kan ń ṣe ayẹyẹ ni.

Ní àjíǹde tó tẹ̀lé Kérésìmesì yẹn, ọmọ náà ní òun ti rí èsì ìbéèrè Bàbá àgbà. Kì í ṣe ti Adéwálé. Géèmù mìíràn ni, God of War ti ọdún 2018. Kratos, akọni rẹ̀, ní àáké kan tó ń jẹ́ Leviathan, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló ni ín tẹ́lẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ méjì ló rọ ọ́, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, Brok àti Sindri. Àwọn náà ló ti kọ́kọ́ rọ òòlù kan fún Thor, Thor sì fi òòlù náà pa àwọn òmìrán nípakúpa. Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n wá rọ àáké yìí fún obìnrin náà, kó lè fi dáàbò bo àwọn tó kù.

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, òǹkọ̀wé yìí ló kọjú sí. Ó bi í bóyá ó rántí ọdún tí àgbẹ̀dẹ tì fún ọjọ́ méje, tí òun ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó rántí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Inú rẹ̀ dùn pé òun kò ní fẹ́ ẹwìrì. Bàbá ní ẹ̀yìn kò dun òun. Ọlọ́pàá ni wọ́n wá gbé òun lọ sí àgọ́ wọn, wọ́n tẹ́ àdá kan sórí tábìlì, wọ́n ní ṣé òun mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá méjì ló jà lórí ààlà oko kòkó, èyí àbúrò sì fi ṣá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n pọ́n ọn fún. Ojú mẹ́ta wà ní ìdí rẹ̀.

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo rọ ọ́. Wọ́n ní kò kàn mí, kí n máa lọ sílé."

Òǹkọ̀wé yìí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ló fẹ́ iná àdá yẹn.

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé. Bàbá fa àwo rẹ̀ sún mọ́ra, ó bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó tún dúró.

"Àwọn alágbẹ̀dẹ méjì yẹn," ló wí fún ọmọ ọmọ rẹ̀, "tún orúkọ wọn pè fún mi."